Iná Oṣù Kejìlá Kì Í Ṣe Iná Oṣù Kẹta: Àlàyé Lórí Iná Ọ̀dàn

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti mú tí koríko sì ti gbẹ, ọ̀rọ̀ méjì tó tako ara wọn máa ń dé etí àwọn tó ń gbé ní ilẹ̀ ọ̀dàn, láti Ṣakí títí dé Ṣábẹ̀ẹ́. Rédíò á ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dáná sun ìgbẹ́ mọ́, pé iná ń ba ilẹ̀ jẹ́, ó sì ń pa igi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gba ọgbà ẹranko ìjọba ní Kainji kọjá ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn lè bá òṣìṣẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀ níbi tó ti ń ṣáná sí koríko, tó sì jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó oṣù fún un lé lórí ló ń ṣe. Àgbẹ̀ á wá béèrè pé èwo gan-an ni ká mú. Ṣé iná dára ni àbí kò dára?

Ìbéèrè yẹn ló ń ṣì wá lọ́nà. Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé: iná ọjọ́ wo, lórí ilẹ̀ wo, ta ló sì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ dá a? Ó ti ń lọ sí ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń wá ìdáhùn sí apá kan rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ ti mọ apá kejì kí onímọ̀ kankan tó dé. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì kì í sábà jókòó pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ilẹ̀ sọ́tọ̀. Igbó ńlá tó ṣú dùdù, irú èyí tó ṣẹ́ kù díẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Ògùn, kò bá iná dọ́rẹ̀ẹ́. Èèpo ara ọ̀pọ̀ igi inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, abẹ́ wọn tutù, koríko kì í sì í hù níbi tí oòrùn kò dé. Bí ọ̀dá bá mú débi pé iná wọ ibẹ̀, iná tí kò ga ju orúnkún lọ, tó kàn ń rákò nínú ewé gbígbẹ, lè pa igi tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú baba wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni oko kòkó. Ọdún 1983 kọ́ àwọn àgbẹ̀ kòkó lẹ́kọ̀ọ́ yìí: ọ̀dá mú, ọyẹ́ fẹ́ kọjá bó ṣe yẹ, iná sì jó oko kòkó rẹpẹtẹ ní Ghánà àti lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Fún irú ilẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ rédíò tọ̀nà: ẹ má jẹ́ kí iná wọ̀ ọ́.

Ọ̀dàn yàtọ̀. Òun àti iná ti jọ ń gbé láti ayébáyé. Láti ìdí lọ́hùn-ún nísàlẹ̀ ni koríko rẹ̀ ti ń hù, níbi tí ooru iná kò fi bẹ́ẹ̀ dé. Bí iná bá jó o lónìí, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ á ti máa yọ tútù. Igi òrí àti igi irú ní èèpo tó nípọn. Iná lè pa ohun tó wà lókè ilẹ̀ lára igi kékeré, kí gbòǹgbò rẹ̀ sì tún yọ èéhù nígbà tí òjò bá dé. Ìdí nìyẹn tí ìròyìn iná California tí à ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n kò fi lè kọ́ wa lóhun púpọ̀ nípa ilẹ̀ tiwa. Ó ju ìdajì lọ nínú gbogbo ilẹ̀ tí iná ń jó láyé lọ́dọọdún tó jẹ́ pé Áfíríkà ló wà, ọ̀dàn ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbé kámẹ́rà lọ. Èèyàn ló ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú iná wọ̀nyí, wọ́n sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń dá a.

Ohun tí Olókèméjì fi hàn

Wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò ní ìtòsí wa. Igbó ọba Olókèméjì wà láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, lẹ́bàá odò Ògùn. Ó wà lára àwọn igbó tí ìjọba amúnisìn kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ ní ilẹ̀ yìí, ní 1899. Ní 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó pín ilẹ̀ kan níbẹ̀ sí mẹ́ta. Apá kan, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń jó o lọ́dọọdún, nígbà tí koríko ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbẹ. Apá kejì, ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ni, nígbà tí òjò kù díẹ̀ kó dé. Apá kẹta, wọn kò jẹ́ kí iná kàn án rárá. Òjò kan náà ló ń rọ̀ sórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tí wọ́n yẹ ilẹ̀ náà wò lẹ́yìn ọdún 28, ó ti di ilẹ̀ mẹ́ta tó yàtọ̀ síra pátápátá. Ibi tí iná kò dé ti ń di igbó: igi ti forí kanra, àwọn igi tí kì í ṣe ti ọ̀dàn ti wọlé. Ibi tí wọ́n ń pẹ́ jó ṣì jẹ́ gbalasa, koríko ló gba ibẹ̀, àwọn igi tó lè fara da iná nìkan ló dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n ń tètè jó wà láàárín méjèèjì, igi ibẹ̀ sì pọ̀ ju ti ibi tí wọ́n ń pẹ́ jó lọ dáadáa. Àwọn Faransé náà bẹ̀rẹ̀ irú ìdánwò yìí ní àwọn ọdún 1930 ní Kokondékro, lẹ́bàá Bouaké ní Côte d'Ivoire, ohun kan náà ni wọ́n sì rí.

Ẹ kíyè sí i pé ọdọọdún ni iná ń jó apá méjì àkọ́kọ́ yẹn. Iye ìgbà tí wọ́n jó o kò yàtọ̀. Ọjọ́ ló yàtọ̀.

Ìdí rẹ̀ kò le. Ní oṣù kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, orí koríko ti gbẹ ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ṣì tutù, ìrì ṣì ń sẹ̀ lóru. Iná tó bá wọ irú koríko yìí ń lọ jẹ́jẹ́. Á jó ibi gbígbẹ, á fo ibi tútù, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, ó lè kú fúnra rẹ̀. Tó bá di oṣù kejì tàbí oṣù kẹta, ọyẹ́ ti fa gbogbo omi inú koríko gbẹ, ewé tó wọ́ sílẹ̀ ti kún un, iná á sì ga ju èèyàn lọ. Àsìkò yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ igi ọ̀dàn máa ń ruwé tuntun ṣáájú òjò. Oúnjẹ tí igi ti kó pamọ́ sí gbòǹgbò ló fi ń yọ ewé wọ̀nyẹn. Bí iná bá jó wọn, gbèsè ló máa fi bẹ̀rẹ̀ ọdún.

Ti igi kékeré tún wà lọ́tọ̀. Kó tó lè bọ́ lọ́wọ́ iná, orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ga kọjá ibi tí ahọ́n iná ń dé. Bí iná bá kúrú, ọdún díẹ̀ ló máa fi kọjá ibẹ̀. Bí iná bá ń ga lọ́dọọdún, ọdọọdún ni á máa dá a padà sílẹ̀. Gbòǹgbò á máa dàgbà nínú ilẹ̀, ara òkè kò ní ju orúnkún lọ. Ẹni tó bá ń kọjá á rò pé igi tó hù léṣìí ni, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé igi náà ju òun alára lọ lọ́jọ́ orí.

Ohun tí òṣìṣẹ́ Kainji ń ṣe kò ṣòro láti lóye mọ́. Ibi tí iná ti tètè jó kò ní koríko tí iná tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò jẹ, nítorí náà iná oṣù kẹta, bó ti wù kó le tó, á débẹ̀, á dúró.

Ẹnìkan lè ní: ṣebí apá tí wọn kò jó rárá ní Olókèméjì di igbó, kí ló dé tí a kò kúkú dá gbogbo iná dúró? Ilẹ̀ kékeré tó ní olùṣọ́ nìyẹn. Kò sí ìjọba tó lè fi òṣìṣẹ́ yí gbogbo ọ̀dàn Ọ̀kè-Ògùn ká. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló fẹ́ kí ọ̀dàn di igbó: màlúù kì í jẹ òjìji.

Òfin "ẹ má dáná rárá"

Kí ló wá dé tí ìjọba fi ń fẹ́ràn láti fòfin de iná pátápátá? Ó rọrùn láti sọ ni. Ní 1985, ìjọba Thomas Sankara ní Burkina Faso kéde ìjà mẹ́ta: ọ̀kan sí iná ìgbẹ́, ọ̀kan sí gígé igi bó ṣe wuni, ọ̀kan sí ẹran tó ń jẹ̀ káàkiri. (Ẹ wò ó bóyá ó ku ẹnìkan ní abúlé tí ìjà náà kò kàn.) Amẹ́ríkà náà ti gba ọ̀nà yìí rí. Lẹ́yìn iná ńlá ọdún 1910, tó jó nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta éékà ní Idaho àti Montana, àjọ igbó wọn gbógun ti iná gbogbo. Nígbà tó di 1935, wọ́n ṣe ìlànà pé iná yòówù tí wọ́n bá rí, kí wọ́n ti kápá rẹ̀ kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i pé ewé àti igi gbígbẹ tí iná kékeré ìbá ti máa jẹ díẹ̀díẹ̀ ló ń wọ́ jọ nínú igbó de iná ńlá. Ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n pa ìlànà náà tì. Lónìí, àwọn òṣìṣẹ́ igbó ní àríwá California ń padà lọ bá àwọn Karuk àti Yurok, àwọn onílẹ̀ tí wọ́n ti fòfin dí lọ́wọ́ iná dídá tipẹ́, pé kí wọ́n wá fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han àwọn.

Ní ilẹ̀ ọ̀dàn tiwa, ìfòfindè ní àbùkù mìíràn. Ọdọọdún ni koríko tó ga ju èèyàn lọ ń hù. Bí ẹnikẹ́ni kò bá jó o ní oṣù kejìlá, ibẹ̀ náà ló máa wà. Ọdẹ tó ń lé ọ̀yà ńkọ́? Darandaran tó fẹ́ kí koríko tútù yọ fún màlúù rẹ̀, àgbẹ̀ tó ń tún oko ṣe, ẹni tó ju sìgá sílẹ̀ látinú mọ́tò: ọ̀kan nínú wọn á fi iná kàn án kí òjò tó dé. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀rù ìjọba ń bà á, ìkọ̀kọ̀ ni yóò ti ṣe é, yóò sì sá lọ láìdúró ṣọ́ ọ. Òfin tó ní òun ń dènà iná wá di òfin tó ń sún iná sí oṣù kẹta, tó tún lé olùṣọ́ rẹ̀ lọ. Lójú tèmi, ibi tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti já wa kulẹ̀ jù nìyí. Láti ìparí àwọn ọdún 1950 ni èsì Olókèméjì ti wà nílẹ̀, síbẹ̀ ohun tó ń dé etí abúlé kò ju "ẹ má ṣe" lọ.

Ohun tí àgbẹ̀ rí tí sátẹ́láìtì kò rí

Ní gúúsù Mali, Paul Laris, onímọ̀ kan láti California, lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí bí àwọn ará abúlé ṣe ń jó ọ̀dàn wọn. Ó rí i pé ètò wà ńbẹ̀. Ilẹ̀ tí kò jinlẹ̀, tí koríko rẹ̀ kúrú, ló ń kọ́kọ́ gbẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ jó. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, wọ́n á bọ́ sí ibi tí koríko ti ga. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá fi jinlẹ̀, ilẹ̀ ti rí àdìkálà, ibi jíjó yí ibi tí kò jó ká, iná kankan kò sì lè rìn jìnnà.

Lọ́dọ̀ tiwa náà, ìdí wà tí iná fi ní àkókò nígbà kan. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo ilé, ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́ sì ni ìgbà tí wọ́n máa ń ru ìdì bẹẹrẹ wá fún Aláàfin láti fi bo ààfin. Ìlú tí orí ilé rẹ̀ ń hù nínú ọ̀dàn kò lè fojú kékeré wo ẹni tó bá ṣáná sí i kí wọ́n tó gé e. Páànù dé, ìdí kan tó lágbára láti ṣọ́ iná sì bọ́ lọ́wọ́ wa, a kò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ náà ní ojú tiwọn lókè. Máàpù iná tí wọ́n ń pè ní FIRMS, ti NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, tí ẹnikẹ́ni lè wò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù, máa ń fi àmì pupa sí ibi tí sátẹ́láìtì bá ti rí ooru. Àwọn ènìyàn máa ń ṣi àmì yìí kà. Àmì kan kò sọ pé gbogbo ibi tó bò ló ń jóná. Ohun tó ń sọ ni pé níbì kan nínú ilẹ̀ tó tó mítà 375 níbùú lóròó (tàbí kìlómítà kan, bó bá jẹ́ sátẹ́láìtì àtijọ́ ló rí i), ooru kan wà tó ju ti àyíká rẹ̀ lọ. Ó lè jẹ́ oko ẹnìkan. Ó lè jẹ́ gáàsì tí wọ́n ń sun ní Niger Delta. Iná kékeré tó bẹ̀rẹ̀ tó sì kú kí sátẹ́láìtì tó kọjá, kò ní hàn rárá. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí fi sátẹ́láìtì Sentinel-2 ti ilẹ̀ Yúróòpù, tí ojú rẹ̀ mú jù, tún Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ Sàhárà wò fún ọdún 2016, ilẹ̀ tí wọ́n rí pé iná jó fi nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ju iye tí wọ́n ń kà tẹ́lẹ̀ lọ. Iná kékeré ló ń bọ́ lójú wọn, irú èyí tí àgbẹ̀ ń dá ní kùtùkùtù ẹ̀ẹ̀rùn. Onímọ̀ tó bá jókòó ti kọ̀ǹpútà nìkan á rí iná búburú, iná rere á fò ó.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó nílò rẹ̀

Ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà, Eskom tó ń pín iná mànàmáná ní ìṣòro kan. Bí koríko bá ń jó lábẹ́ wáyà ńlá, ooru àti èéfín rẹ̀ lè jẹ́ kí iná mànàmáná fò látara wáyà bọ́ sílẹ̀, gbogbo agbègbè á sì ṣókùnkùn. Láti 2004, àjọ ìwádìí CSIR bá wọn ṣe ètò kan tí wọ́n ń pè ní AFIS, tó máa ń wo ohun tí sátẹ́láìtì rí, tó sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù òṣìṣẹ́ tí wáyà náà wà níkàáwọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí nítorí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀: ohun tí ẹni tó ń ṣọ́ wáyà fẹ́ mọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè.

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1998, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn dá ètò kan tó ń jẹ́ Joint Fire Science Program sílẹ̀, kí ó máa náwó sórí ìwádìí tó wúlò fún àwọn tó ń bójú tó ilẹ̀. Ìwádìí pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú igbó kò ráyè ka ìwé. Wọ́n wá dá ẹ̀ka 15 sílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kó onímọ̀, òṣìṣẹ́ igbó àti onílẹ̀ lọ sórí pápá kan náà, kí wọ́n jọ wo ibi tí iná ti jó, kí wọ́n sì jọ jiyàn níbẹ̀.

Èyí tó jọ tiwa jù ni ti àríwá Ọsirélíà, torí ọ̀dàn ni ilẹ̀ wọn náà. Ní ìwọ̀-oòrùn Arnhem Land, lórí ilẹ̀ tó tó 28,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, àwọn onílẹ̀ ìbílẹ̀ padà sí iná kùtùkùtù ẹ̀ẹ̀rùn tí àwọn baba wọn ń dá, àwọn onímọ̀ sì ń wọn èéfín rẹ̀. Ní 2006 ni ilé iṣẹ́ gáàsì kan ní Darwin bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún un, láti fi dí èéfín tirẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sanwó lé lórí máa ń rú ènìyàn lójú: kì í ṣe gáàsì carbon dioxide, nítorí koríko tó máa hù lọ́dún tó ń bọ̀ á fà á padà. Methane àti nitrous oxide, gáàsì méjì mìíràn tó ń mú ayé gbóná, ni wọ́n ń kà, torí koríko kì í fa àwọn yẹn padà, iná kùtùkùtù sì ń jó koríko tí kò tó ti iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ẹnikẹ́ni má tíì sáré wá sọ fún wa pé owó ti dé o. Koríko tó ṣì tutù jù máa ń rú èéfín ju bó ṣe ń jó lọ, kìlógíráàmù kan rẹ̀ sì ń tú methane sílẹ̀ ju ti koríko tó gbẹ dáadáa lọ. Títètè jù náà ní ìpalára tirẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, àwọn tó yẹ kó jókòó pọ̀ kò ṣòro láti kà: baálẹ̀, olórí ọdẹ, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà létí ọ̀dàn, òṣìṣẹ́ igbó ọba, àti darandaran, tí wọ́n sábà máa ń gbàgbé láti pè, bẹ́ẹ̀ òun ló ń rìn lórí koríko yẹn lójoojúmọ́. Oṣù kẹwàá ni kí wọ́n ṣe ìpàdé náà, kì í ṣe ìgbà tí iná bá ti sọ. Kí wọ́n fẹnu kò lórí abala tí wọ́n máa kọ́kọ́ jó, ibi tí ilé oyin wà, ẹni tó máa dúró ti iná náà, àti bí ìròyìn ṣe máa dé abúlé kejì ṣáájú ọjọ́ náà.

Tí ọjọ́ iná bá wá kò, ọ̀nà tí wọ́n gbá dé ilẹ̀ pupa, kí iná má bàa lè kọjá, ló ń ṣáájú. Ṣíṣán nìkan kò tó, nítorí koríko tí a ṣán sílẹ̀ náà ń jó. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ rọra ń fẹ́ síbì kan ṣoṣo ló dára, ní ìrọ̀lẹ́, kí ìrì lè bá wọn pa ohun tó bá ṣẹ́ kù. Ẹ̀bá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ ṣáná, kí iná máa dojú kọ afẹ́fẹ́ bọ̀, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ìgbà tí ilẹ̀ jíjó bá ti fẹ̀ tó ni wọ́n tó lè ṣáná láti òdìkejì. Kùkùté tó ń jó lábẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n ṣọ́ jù. Ní 2022, ní New Mexico ní Amẹ́ríkà, iná tí òṣìṣẹ́ igbó fúnra wọn dá lábẹ́ àṣẹ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ ní oṣù kẹrin. Òkìtì igi kan tí wọ́n sun ní oṣù kìíní, tí gbogbo ènìyàn rò pé ó ti kú lábẹ́ yìnyín, tún sọ, àwọn méjèèjì pàdé, wọ́n sì jó ju 340,000 éékà lọ. Ìwé àṣẹ wà, ìmọ̀ wà, iná ṣì bọ́.

Bí àsìkò bá wá ti kọjá tí ẹnikẹ́ni kò jó ohunkóhun ńkọ́? Ẹ wo àwọn igi ọ̀dàn. Bí wọ́n bá ti ń ruwé tuntun nígbà tí òjò kò tíì rọ̀, kò sí iná rere mọ́ lọ́dún yẹn. Ẹ gbá etí oko, ẹ yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ, kí ẹ sì sàmì sí ibi tí koríko àtijọ́ ṣì dúró sí, nítorí ibẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú nígbà tí oṣù kọkànlá bá tún dé.